Ẹ̀rí Kẹta

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí títí mo fi lè kọ èyí. Àánú tí mo rí gbà kọjá ohun tó tọ́ sí mi.

Mo rántí ìgbà tí mò ń gbé ní Mowe, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣáná, àyà mi á máa lù kìkì, èémí mi á há, á sì dá mi lójú pé ikú dé. Wọ́n gbàdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jáde lọ jẹ́rìí pé mo ti rí ìwòsàn, ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ẹ̀rù náà fi padà dé. Ta ni mo fẹ́ sọ fún lẹ́yìn tí mo ti jẹ́rìí? Mo wá ń sá sí ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì títí yóò fi lọ, màá nu ojú mi, màá sì padà sáàárín akọrin. Mo tiẹ̀ tún jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n má baà fura.

Ìyá kan nínú ìjọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá mi níbẹ̀. Àwọn ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, sọ́dọ̀ ìyá míì tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀.

"Mà, ṣé mo ti ń ya wèrè ni?"

"Wèrè wo ló ń kọ́ ọmọ ní ABD? Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Ká wá ibi tó gbà wọlé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi sọ ìtàn kan náà: àbúrò mi obìnrin bu kẹrosín sí sítóòfù nílé wa ní Ifọ̀, wọ́n ti da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ ọn, ó gbiná, àbúrò mi sì kú lọ́jọ́ kẹsàn-án. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ìyá ilé ìwòsàn náà bi mí pé, "Ta ló ra kẹrosín yẹn?"

Ohun tí mo ti sọ fún gbogbo ayé ni pé àbúrò mi ló rà á. Èmi ni. Ìlà gùn nílé epo, mo bá rà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi parọ́ mọ́ òkú.

Wọn ò ní kí n má sunkún. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ta lo ò fẹ́ kó gbọ́?"

"Ìyá mi."

Mo lọ sí Ifọ̀. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ọwọ́ wọn kò dúró.

"Mo mọ̀. Kẹ́ẹ̀gì yẹn wà lọ́wọ́ ẹ nígbà tó o wọlé."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì bi mí?"

"Ọmọ méjì ni mo bí, ọ̀kan ti lọ. Tí mo bá bi ẹ́, tó o sì sá, ta ló kù fún mi?"

Wọn ò fà mí dìde. Wọ́n sún atẹ síwájú mi, a jọ ṣa ẹ̀wà náà tán.

Ẹ̀rù náà kò lọ lọ́jọ́ kan. Ó tó bí ọdún kan sí i tí mo fi ń lọ sílé ìwòsàn. Títí di òní, tí ẹnìkan bá ṣáná, àyà mi ṣì máa ń já, ṣùgbọ́n mi ò kì í sá mọ́. Ìyá mi ti lọ sinmi. Wọn ò sọ fún mi rí pé àwọn dárí jì mí, èmi náà ò gboyà bèèrè. Àdúrà àwọn ará kò já sófo. Mo gbà pé òun ló rán nọ́ọ̀sì yẹn sí mi. Ẹ̀rí kẹta mi rèé, òun nìkan ló jẹ́ òtítọ́.

Ẹ̀yin tó ń kà á, kí Ọlọ́run rán ẹni tó máa bi yín ní ìbéèrè tó yẹ sí yín, kó sì là yín lóhùn nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì wà láyé.