Àga Adélékan ní Pláàsì

Bí ẹ bá dé Kútọnu nígbà ìjọba Faransé, tí ẹ ò dé Pláàsì, gbàgede ìgbafẹ́ tó wà nítòsí èbúté, ẹ ò tíì débì kan. Igi pańṣẹ́kẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, òdòdó wọn á pọ́n yòò, ilẹ̀ yanrìn á mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rí igi, ẹ ó ti rí Adélékan.

Ará Kétu ni. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún un kò ju kó máa gbálẹ̀ Pláàsì lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún un? Ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní fìlà kẹpí ló ti sọ ara rẹ̀ di kòmáńdà. Àga gígùn kan ṣoṣo wà lábẹ́ igi, pátákó tí wọ́n kọ èdè Faransé sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adélékan ò dá lẹ́tà kan mọ̀. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fìdí kan àga náà, á na ìgbálẹ̀ sí pátákó: "Ẹ ò rí i kà ni? Wọ́n ní ẹni tí Adélékan bá gbà láyè nìkan ni kó jókòó!" Ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Òun alára ò jókòó níbẹ̀ rí. Ó ní ọ̀gá kì í jókòó lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹnì kan ló máa ń gbà láyè: Oyèníkẹ́, opó tó ń kiri aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà á sọ ẹrù kalẹ̀, á ní, "Ọ̀gá Pláàsì, ṣé kí n jókòó?" Háà! Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ já kẹpí bọ́ lórí Adélékan. Ó fẹ́ obìnrin yìí dọ́kàn, ẹnu ni kò gbà á láti sọ. Lójú tirẹ̀, torí pé òun láṣẹ lórí àga ni obìnrin náà ṣe ń wá. Bí àṣẹ bá lọ, ta ní í wá agbálẹ̀ wá?

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Henriette dé, aránṣọ kan, ọmọ Àgùdà tí àwọn sísítà kọ́ níwèé. Ó jókòó gbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oyèníkẹ́. Ni Adélékan bá na ìgbálẹ̀. Henriette wo pátákó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni, 'Àga gbogbo ènìyàn. Ẹ má já òdòdó.' Orúkọ yín dà níbẹ̀?"

Gbogbo Pláàsì rẹ́rìn-ín. Oyèníkẹ́ gbé ẹrù rẹ̀, ó sì sáré lọ. Ojú ti Adélékan débi pé kò lè gbé orí sókè. Ó ti parí nìyẹn, obìnrin náà kò ní í wá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń gbálẹ̀ láìdé kẹpí, ló bá gbóhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀gá Pláàsì, ṣé kí n jókòó?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Ìyá Aláṣọ. Àga gbogbo ènìyàn ni."

"Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débí ni mo ti ní kí wọ́n kà á fún mi. Àná, ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí, mo sáré lọ kí n má baà rín in lójú yín."

"Kí lẹ wá ń tọrọ àyè sí láti ọdún mẹ́ta?"

Oyèníkẹ́ jókòó, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ gbá ibi tó ṣófo lórí àga.

"Ẹ mà pẹ́ o, ọkùnrin yìí! Ẹ wá jókòó. Mo gbà yín láyè."