Adìẹ onígi tú àṣírí Táyọ̀

Ẹ gbọ́, adìẹ onígi ló tú àṣírí Táyọ̀ ní kíláàsì lónìí!

Táyọ̀ yìí ni mo kí ní Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé Arlington ní Amẹ́ríkà. Ó ní ọmọ Coppell, ìlú kan nítòsí ibẹ̀, ni òun, òun ò gbọ́ èdè yẹn, Ty ni kí n máa pe òun. Ó dùn mí, torí mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ̀rọ̀.

Lónìí, a wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí àwọn ará Jámánì ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Olùkọ́ wa ní ebi ń pa àwọn òṣèré náà débi pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ adìẹ orí tábìlì, kí wọ́n má baà jẹ ẹ́ kí kámẹ́rà tó dé. Bí bàbá kan nínú fíìmù ṣe gé e jẹ báyìí, Ty pariwo ní Yorùbá:

"Yéè! Eyín bàbá ti lọ!"

Mo rọra bi í pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ké ní Coppell nìyẹn?"

"Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnì kankan."

"Ta ni mo mọ̀ níbí tí mo fẹ́ sọ fún?"

Ẹ̀yin ni mo wá sọ fún. Lọ́la, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnìkejì ní Yorùbá?