Iná Tí Bámigbóyè Fẹ́ Wò

Ní ọdún 1957, ta ni kò mọ Lájídé ní Kabba? Òun ló ń fa iná sí ilé ìwòsàn tuntun tó wà lẹ́yìn ìlú. Ìlú Jos, níbi tí wọ́n ti ń wa tánńganran, ló ti kọ́ṣẹ́. Bó bá wà lórí àkàbà tó ń kan wáyà mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lára ògiri, àwọn tó ń ti oko bọ̀ a dúró wò ó.

Wọ́n ti kọ́kọ́ tan iná sí yàrá kan níbẹ̀. Ìròyìn náà kan Bámigbóyè, bàbá Lájídé, tó ń gbin iṣu ní Ekinrin-Adde. Iná tí kò ní òwú, ọmọ òun ló tàn án! Ó fẹ́ wá wò ó. Adétutù, àbúrò Lájídé, ló ń jíṣẹ́ fún un bó bá gbé ẹ̀lùbọ́ wá sọ́jà.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n. Bàbá ní ìgbà wo ni àwọn máa wá wo iná yín?"

"Kí òjò dá ná."

Òjò dá. Lájídé ní kí wọ́n kun ilé tán ná.

Ká sòótọ́, ojú ló ń tì í. Òyìnbó ń kọjá, nọ́ọ̀sì ń kọjá. Kò fẹ́ kí wọ́n rí bàbá rẹ̀ nínú ẹ̀wù oko, pẹ̀lú gìgísẹ̀ tó ti sán. Iṣẹ́ ló fi ń bojú.

Ìgbà tí ilé parí, tí kò sí àwáwí mọ́, ó wọ lọ́rì lọ mú bàbá. Ó bá a lábẹ́ igi ọsàn. Ó kí i, etí ni bàbá kọ sí i, kì í ṣe ojú.

"Ta nìyẹn?"

"Lájídé ni, Bàbá."

Bámigbóyè na ọwọ́, ó ń wá a kiri. Ẹyinjú rẹ̀ ti funfun.

Lájídé yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bàbá ni wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní ọwọ́ yín lè gbọ̀n lórí àkàbà."

Síbẹ̀, bàbá ní àwọn yóò lọ. Lájídé fà á lọ́wọ́ wọ ilé ìwòsàn lójú gbogbo nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, Agatha, tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé àga wá.

"Ṣé o ti tàn án?"

"Mo ti tàn án, Bàbá."

Bámigbóyè gbójú sókè. "Ó mà dára o," ló wí. Ó wá ń fi ọwọ́ tọ pákó wáyà lára ògiri, díẹ̀díẹ̀. "Ó tọ́ ju ìlà ebè mi lọ."

Lájídé sún àga kúrò lọ́nà fún un.

Bàbá kú kí iṣu tuntun tó jáde. Lájídé pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Kabba, ó sì di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí iná bá tàn níbi kan tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, òun kì í dúró wò ó; a ti bọ́ síta, a máa ká wáyà tó ṣẹ́kù.