Hòtẹ́ẹ̀lì Ti Dì Í Mú

Túndé ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí!

Ó pè mí: "Mọ́mì, hòtẹ́ẹ̀lì tí Bọ́sẹ̀ sùn sí l'Ábújá ti dì í mú o."

Mo figbe ta. Gbogbo àdúgbò wa ní Ìlobù tú jáde.

"Kí lọmọ mi ṣe fún wọn?"

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀! Owó ni wọ́n dì mú, kì í ṣe Bọ́sẹ̀."

Bọ́sẹ̀ ti san owó yàrá. Wọ́n tún di owó mìíràn mú nínú káàdì báǹkì rẹ̀, nítorí bóyá ó lè ba nǹkan jẹ́ ní yàrá. Kò ba nǹkan kan jẹ́, síbẹ̀ wọn ò tú u sílẹ̀. Owó ọkọ̀ rẹ̀ sì nìyẹn!

Mo pe hòtẹ́ẹ̀lì. Ọmọbìnrin kan ní, "Mà, a ò gbà á, a kàn dì í mú ni. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó padà."

Mo ní, "Ẹni tó so ewúrẹ́ mi mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó ní òun ò jí i, kí ni kí n máa pè é?"

"Ẹ má bínú, mà."

Mo ti fi owó àgbàdo tí mo fẹ́ gbìn ránṣẹ́ sí Bọ́sẹ̀. Ó ti wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò ní balẹ̀ títí yóò fi wọlé.

Ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ṣé wọ́n ń tú owó yìí sílẹ̀ lóòótọ́?