Ẹ́ńjìnnì Orval Nínú Ford Verlin

Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo ayé pé ní ìlú Harlan Fork, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ẹni tó bá wa Chevrolet kì í páàkì sí ojúlé Verlin Stukenborg. Ẹ̀bá títì ni yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ sí, yóò sì fẹsẹ̀ rìn wọlé. Chevrolet ni pásítọ̀ wa ń wà. Lọ́jọ́ tí yìnyín mu èèyàn dé orúnkún, ẹ̀bá títì náà ló ti sọ̀kalẹ̀, ó gbá Bíbélì mọ́ àyà, ó ń yọ ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí adìẹ tó kó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí páìpù omi sì bẹ́ nílé Verlin, òdìkejì títì ni púlọ́ḿbà ti ru àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá, nítorí Verlin dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ń nawọ́ sí ibi tó yẹ kí ọkọ̀ púlọ́ḿbà wà.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Òun ló ń tún bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ kan tó sùn sọ́nà rí. Ó máa ń yá àwọn oní-Chevrolet pàápàá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Ó kàn gbà pé Ọlọ́run dá ayé, Ford sì ṣe ọkọ̀, àwọn yòókù ń gbìyànjú ni. Bàbá rẹ̀ wa Ford. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ wa Ford. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n ṣe ń bí èèyàn sínú ìjọ náà ni wọ́n ṣe ń bí i sínú ọkọ̀.

Verlin ni alága ẹgbẹ́ wa, Ẹgbẹ́ Olórí-Pẹlẹbẹ. Orúkọ yẹn ti ara ẹ́ńjìnnì Ford àtijọ́ wá, èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ bí àwo. Iṣẹ́ wa ni pé ká wá Ford tó ti ń jẹrà sẹ́yìn abà, ká bọ́ ọ sí ìhòòhò, ká gé òrùlé rẹ̀ kúrú, ká kùn ún, ká wá mú un sáré ju bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ti rò lọ. Verlin fúnra rẹ̀ ló gbé òfin ẹgbẹ́ kalẹ̀: ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ mìíràn bá wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tò sínú ìlà wa.

Òfin yẹn ló ba àárín òun àti Orval Dinkel jẹ́. Ọ̀rẹ́ àtikékeré ni wọ́n, títì ló pààlà sáàárín ilé wọn, Orval ló sì dúró ti Verlin níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì Ford Orval gbó, Orval sì yọ ọ́, ó fi ti Chevrolet sí i. Ohun tí àìmọye èèyàn ń ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn, torí ẹ́ńjìnnì Chevrolet kò wọ́n láti rí. Nígbà tí a dìbò láti lé Orval, ọwọ́ Verlin ló kọ́kọ́ gòkè. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Orval fi ra ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet tí kò nílò, ó sì páàkì rẹ̀ kí imú rẹ̀ kọjú sí fèrèsé pálọ̀ Verlin gan-an. Ibẹ̀ ló wà láti ọdún yẹn. Àwọn méjèèjì kò tún bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nadine, ìyàwó Verlin, kò dá sí i. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín láìṣí ẹnu ni. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀: Verlin ti ṣèlérí fún un pé bí òun bá kọ́ Ford ọdún 1934 tó wà nínú gáréèjì tán, adágún Kettle ni òun yóò kọ́kọ́ fi gbé e lọ, níbi tó ti bi í léèrè pé ṣé yóò fẹ́ òun. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìlérí yẹn ti ní ọmọ tirẹ̀. Nadine ra ẹ̀wù òtútù pupa kan sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Kò wọ̀ ọ́ lọ sí ibòmíràn.

Ní ìgbà tí ewé ń já, ọkọ̀ náà kù díẹ̀. Verlin bu omi lásán sí ẹ́ńjìnnì láti wò ó bóyá ó ń jò. Kò jò. Ó yẹ kó ro omi yẹn dànù kí òtútù tó dé. Àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni dókítà pè wọ́n, pé jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀ Nadine, àti pé òun kò rò pé yóò rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Verlin kò tún ráyè wọ gáréèjì. Nígbà tó máa fi wọ ibẹ̀, omi ti di yìnyín nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti wú, irin sì ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ro omi. Verlin ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ́ńjìnnì Olórí-Pẹlẹbẹ mìíràn. Ó tẹ gbogbo ayé láago. Èyí tó rí ní Indiana ti là ju tirẹ̀ lọ. Èyí tó rí ní Iowa, ẹni tó ni ín ní òun kò ní tà á títí òun yóò fi kú, ara rẹ̀ sì le koko.

Mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì Nadine wá sí pálọ̀, torí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

"Verlin," Nadine ń wí, "èwo lo rò pé yóò kọ́kọ́ dé, ẹ́ńjìnnì yẹn ni tàbí pósí mi?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ń béèrè ni. Kí n lè mọ èyí tí mo ń múra dè."

Nígbà tí Verlin sìn mí jáde, mo ní, "Orval ní ẹ́ńjìnnì kan nílẹ̀ tó ti tún ṣe tán. Kò fi ṣe nǹkan kan."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ pé kí wọ́n da ọtí bíà sínú ife oúnjẹ Olúwa. "Ẹ́ńjìnnì Chevrolet?"

"Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́."

"Nínú ọkọ̀ mi?"

"Ibẹ̀ ni Nadine ti fẹ́ jókòó."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó sì ń tẹ ayé láago lọ, oṣù kan gbáko, bí Nadine ti ń rù sí i.

Ohun tó gbé e dìde kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Nadine ní kí wọ́n bá òun mú ẹ̀wù pupa náà wá. Ó wọ̀ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀wù náà rọ̀ sí i lára bí ìgbà tí wọ́n fi kọ́ èèkàn. Ó wo apá rẹ̀ ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó bọ́ ọ, ó ká a. Verlin jáde, ó sì kọjá títì.

Orval wà nínú gáréèjì rẹ̀, ó ń mu kọfí. Orval ló sọ bó ṣe lọ fún mi, Verlin kò sì jiyàn rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Verlin ni."

"Verlin wo?"

"Orval, má bẹ̀rẹ̀."

"Ibo lo páàkì sí?"

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá."

"O káre. Chevrolet nìkan là ń gbà lójúlé tèmi."

"Nadine fẹ́ lọ sí adágún," Verlin wí.

Orval gbé ife sílẹ̀. "Báwo ló ṣe rí?"

"Kò dára."

"Kí ló wá dé tó ò tíì wá látọjọ́ yìí?"

"O mọ ìdí ẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ni."

"Torí pé alágídí ni mí," Verlin wí. "Ó tó ẹ?"

"Ó tó. Gbé e máa lọ. Àmọ́ o ò ní fi bọ́nẹ́ẹ̀tì bò ó bí ẹni tó jí adìẹ gbé. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá ní kí gbogbo yín ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìwọ náà á ṣí tìẹ."

"Nadine ò gbọdọ̀ mọ̀."

"Ìyẹn kò kàn mí."

Wọ́n jọ ṣe é nínú gáréèjì Verlin. Ẹ́ńjìnnì náà kò bá ibùjókòó rẹ̀ mu, wọ́n gé irin, wọ́n jó irin, wọ́n ti rédíétọ̀ síwájú. Wọ́n jà lórí nọ́ọ̀tì, lórí ife kọfí, lórí ẹni tó gbé sípánà sí ibi tó wà. Nadine ń gbọ́ wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti ṣàìsàn, ariwo àwọn méjèèjì yẹn nìkan ló ń mú òun sùn.

Ní oṣù kẹrin, Verlin gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù pupa àti kúbùsù méjì. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Nadine dẹ etí sí i díẹ̀.

"Verlin, ohùn Orval ni mò ń gbọ́ yìí."

Ọwọ́ Verlin le gbagidi lórí ìdarí ọkọ̀.

"Mo ti ń gbọ́ Ford nínú ilé yìí láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé," Nadine wí. "Ó dáa. Tú ojú ká, kó o máa wà á lọ."

Wọ́n dé adágún. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lórí omi, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Kí kọfí tó tutù nínú ife, Nadine ní òtútù ń mú òun, kí wọ́n máa lọ sílé. Òpin ìrìn náà nìyẹn. Verlin sọ fún mi pé ká ní òun ti kọjá títì nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ni, ara Nadine ì bá ṣì lè gba atẹ́gùn náà. Mo gbé oúnjẹ tí mo gbé lọ sórí tábìlì.

Àgbàdo kò tíì yọ orí nílẹ̀ tí Nadine fi kú.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ tàbí aya ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, gbogbo ọkọ̀ wa máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè títí pósí yóò fi kọjá. Bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣí fìlà ni. Ford Verlin ló wà níwájú ìlà. Orval dúró ní òdìkejì títì, torí òfin ẹgbẹ́ kò gbà á níbi tí a wà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá, ó ku ti alága. Wọ́n ti ń gbé pósí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Verlin wo òdìkejì títì. Lẹ́yìn náà ó ṣí i.

Gbogbo wa rí i. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ náà yóò mọ̀, torí Orval ti kun orí ẹ́ńjìnnì yẹn ní àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ tí gbogbo ayé fi ń mọ ẹ́ńjìnnì Chevrolet. Pósí kọjá. Orval kọjá títì, ó dúró ti Verlin bó ti dúró tì í níwájú pẹpẹ lọ́jọ́sí, ó yọjú wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Wáyà púlọ́ọ̀gì rẹ ti wọ́," ló wí.

"Ìwọ lo so ó," Verlin wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ó bọ́ báájì alága lé èmi akọ̀wé lọ́wọ́ kó tó tẹ̀ lé pósí. Ẹgbẹ́ ní kò sẹ́ni tó lé e. Verlin ní òfin ti lé òun. Inú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná mi ni báájì náà wà.

Ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀wù pupa wà lórí ìjókòó, ní kíká. Ara rẹ̀ jẹ́ Ford, inú rẹ̀ jẹ́ Chevrolet, òfin ojúlé Verlin kò sì tíì yí padà. Nítorí náà, ó páàkì rẹ̀ kí ìdí rẹ̀ wà nínú ọgbà, kí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà yọ sí ojú títì. Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí kò lè kọjá mọ́. Orval ní kó gbé e wá sí òdìkejì lọ́dọ̀ òun. Verlin ní kò sí bí Ford ṣe máa sùn sí ojúlé oní-Chevrolet. Ìpàdé ìlú ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá sọ tẹnu ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ló yẹ kí ọkọ̀ yẹn dúró sí?