Píìnì Tó Wà Lára Aṣọ Mi

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lára mi. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà Ìbà, níbi tí mo ti ń ṣe fọ́tókọ́pì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ooru kan ṣàdédé gbéra láti àyà mi, ó gun ọrùn, ó gba gbogbo ojú. Ọmọbìnrin tó ń dúró gba iṣẹ́ rẹ̀ ká ọwọ́ mọ́ra nítorí òtútù. Èmi ń làágùn débi pé omi kán sórí ìwé rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ara yín yá?"

Mo ní ooru ẹ̀rọ ni. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ò tíì gbóná.

Nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kà á sí nǹkan burúkú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún ni, mo ti wà nílé ọkọ, n kò sì tíì bímọ. Ta ni kò mọ ohun tó máa sọ sí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́kàn? Igi àyẹ̀wò oyún tí mo rà fa ìlà kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé kò sí oyún, mo ní ayédèrú ni, mo jù ú nù. Oyún tó ṣì kéré kì í ṣe ohun tí à ń kéde láàárín wa, nítorí náà mo pa ẹnu mọ́. Wàsíù ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Pótákọ́tù tó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé, àti ìyá rẹ̀ nìkan ni mo sọ fún.

Ìjànikin ni ìyá ọkọ mi ń gbé, Màámi ni mo ń pè wọ́n. Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n dé, wọ́n yọ píìnì kan, wọ́n fi sí aṣọ mi níbi ikùn, bí aláboyún ṣe máa ń ṣe kí nǹkan burúkú má bàa bá ọmọ inú.

"Ìyàwó mi, má yọ ọ́ o. Tó o bá pààrọ̀ aṣọ, kó o gbé e sára èyí tó o bá wọ̀."

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ooru yẹn fún wọn, ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Ọmọkùnrin nìyẹn. Ó ti ń dáná níbẹ̀!"

Ikùn mi ò yọ. Oorun sá lójú mi, oríkèé ara ń dùn mí, inú sì ń bí mi sí ohun tí kò tó nǹkan. Nígbà tí Wàsíù wálé, ìbálòpọ̀ di ìrora nítorí ojú ara mi ti gbẹ. Mo fi orí fífọ́ bojú títí ó fi padà síbi iṣẹ́. Ẹ má ṣe bíi tèmi, ẹ̀yin tó ń ka èyí: gbígbẹ yẹn àti ooru yẹn, ẹ sọ wọ́n fún dókítà ní kíá.

Ìgbà tó yá ni mo lọ sílé ìwòsàn kan ní Òjó. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo obìnrin ń jókòó sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní píìnì láṣọ. Obìnrin kan rí tèmi, ó sún fún mi. "Jókòó dáadáa, ìyá ọmọ." Wọ́n pè mí wọlé láti ya àwòrán inú mi. Ẹni tó yà á kọjú sí ẹ̀rọ, kò wò mí, ó ní kò sí nǹkan kan nínú ilé ọmọ. Mo tún padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, nítorí dókítà ò tíì ráyè. Obìnrin náà bu gúgúrú fún mi, ó bi mí pé oṣù mélòó ni. Mo gba gúgúrú, mo kọjú sí ilẹ̀kùn dókítà. N kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Dókítà jẹ́ obìnrin àgbà tí ohùn rẹ̀ tutù. Ẹ̀jẹ̀ mi fi hàn pé ọpọlọ ń ránṣẹ́ kíkan kíkan sí ilé ẹyin, ilé ẹyin ò sì dáhùn. Wọ́n ní ilé ẹyin mi ti ń dákẹ́ ṣáájú àkókò, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ mìíràn ránṣẹ́ síbi tó jìnnà, láti mọ ìdí rẹ̀. Ìdúró yẹn gùn. Mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ń tì í, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Nígbà tí èsì dé, bí dókítà ṣe là á yé mi nìyí. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, àwọn yàrá tíntìnní tí ojú lásán ò lè rí, ni kirọmosóòmù wà, okùn tín-ín-rín tó gbé ìlànà bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin máa ń ní méjì nínú irú tí wọ́n ń pè ní X. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn tán. Ó rán mi létí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì méjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi: jẹnẹrétọ̀ ò gbé méjèèjì, nítorí náà ọ̀kan ni mo ń tàn. Ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹyin, èyí tó ń sùn máa ń jí, méjèèjì ni yóò sì jọ máa ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú tèmi ti gé nídìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Nínú ara yòókù, èyí tó gé ló ń sùn, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Inú ẹyin ni àléébù rẹ̀ ti hàn, ẹyin mi sì ń yára tán.

"Ṣé nǹkan tí mo jẹ ni, mà?"

"Rárá. Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò sì ṣe yín."

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń dípò họ́móònù tí ilé ẹyin kò pèsè mọ́, kí egungun àti ọkàn mi má bàa tètè gbó. Wọn ò tàn mí: kí n fi ẹyin ara mi lóyún ṣòro gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ní kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ẹyin obìnrin mìíràn ṣeé lò, tí a bá fẹ́ ẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ooru náà lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Mo sọ fún Wàsíù lórí fóònù. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu irin lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mò ń bọ̀." Nígbà tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù mi tó ti ń ké tipẹ́ ṣe. Mo mọ̀ pé kò ní lé mi. Màámi ni mo ń bẹ̀rù. Wàsíù nìkan ni ọmọkùnrin wọn, tí wọ́n bá sì ní kó fẹ́ ìyàwó mìíràn, n kò rò pé ó lè kọ̀.

Èmi nìkan ni mo lọ sí Ìjànikin. Màámi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀, mo yọ píìnì náà, mo nà án sí wọn.

"Màámi, ẹ gbà á. Kò sí ọmọ níbẹ̀ látilẹ̀wá." Mo wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn tán. Wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n gba píìnì náà, wọ́n sì fi etí ìró wọn nù ún, nítorí òógùn mi ti mú kó dípẹtà. Mo ti ń dìde nígbà tí wọ́n fa aṣọ mi mọ́ra.

"Ibo lò ń lọ?" Wọ́n fi píìnì náà padà síbi ikùn mi. "Ṣé ọmọ inú nìkan ni wọ́n ń ṣọ́ ni? Ṣebí ọmọ ẹnì kan nìwọ náà."

Mi ò ní pa irọ́ pé ó ti tán lọ́kàn mi. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ládùúgbò, mo ṣì máa ń tètè kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dẹ́kun bíbá ara mi jà. Ara yìí ti fi X tó pé nínú méjèèjì gbé mi dé ibi tí mo dé yìí láìjẹ́ kí n mọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láràárọ̀, mo máa ń lo oògùn mi, lẹ́yìn náà ni mo máa ń yọ píìnì lára aṣọ àná, mo sì ń fi í sára tòní.