Èémí Modinat Onílàálì

Kò sí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní Ayétòrò tí kì í wá ẹ̀gbọ́n mi Modinat lọ. Làálì ló ń lé fún wọn, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà ọmọge. Ara rẹ̀ ló sì fi ń polówó: gbogbo èékánná ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dúdú kirikiri. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ wa èédú. "Toheebat, ò ń jowú ni," ni yóò fi dá mi lóhùn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ikọ́ dá a gúnlẹ̀. Alágídí ni, ó ní àgbo àti róòbù ti tó òun. Ìgbà tí èémí rẹ̀ wá ń já, tí ètè rẹ̀ ṣú, èmi àti Abdulrauf ọmọ rẹ̀ kò bi í mọ́. A gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọsibítù ní Ìlarò.

Nọ́ọ̀sì Oyèrónkẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan há a níka. Ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó gbé e sí ìka mìíràn, ó pààrọ̀ bátìrì, pàbó ló já sí. Àyà mi já, mo bá figbe ta.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni, tí ẹ̀rọ yín ò fi rí i?"

"Ẹ rọra, Mà." Èékánná ẹ̀gbọ́n mi ni nọ́ọ̀sì ń wò. "Iná inú rẹ̀ ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tí ọ́síjìn bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á pọ́n dáadáa. Tó bá dín kù, á ṣókùnkùn. Làálì yìí ni ò jẹ́ kí iná kọjá."

Ìka ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó dúdú bákan náà. Ẹ gbà mí o, iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ ló tún fẹ́ pa á! Oyèrónkẹ́ tú yẹtí rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ há a létí, nọ́ńbà sì yọ. Ọ́síjìn ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n sáré fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú.

Nígbà tí ara rọ̀ wá díẹ̀, mo béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà. Oyèrónkẹ́ ní ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ náà fún ẹ̀jẹ̀, ọkàn a sì tì í kárí ara, títí dé ọmọ ìka. Bí oníṣòwò Ẹ̀gùá, nítòsí ẹnubodè, tó gbẹ́rù lọ sí Kútọnu, ẹ̀jẹ̀ kì í padà lọ́wọ́ òfo: kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, ìdọ̀tí tí ara fẹ́ dànù, ló ń kó bọ̀ wá sí ẹ̀dọ̀fóró, a sì mí i síta.

"Lójú oorun náà?"

"Lójú oorun náà, Mà."

Sùbúhánàlláàhì! Orí mi wú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni iṣẹ́ ńlá yìí ti ń lọ nínú mi, n kò pàṣẹ, n kò tiẹ̀ mọ̀.

Ètè ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n padà. Ó sùn. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà: ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Abdulrauf ní kí n wá lọ jẹun.

"Fi mí sílẹ̀ jàre," mo ní, omijé ń bọ́ lójú mi. "Mò ń wo iṣẹ́ Ọlọ́run."